Ta Ni Orin Wa Ń Kì?

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ ní Ìlọrin. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àáfà àti pásítọ̀ tó wà níjokòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kó ara yín sẹ́yìn kí ẹ lè tètè rọ́nà jáde, mo kí gbogbo yín. Àsàlámù àlékúm. Ẹ kú ìjokòó.

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ bóyá orin tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ lè ba ọkàn àti ìwà wọn jẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, mo ti mọ̀ pé ìdáhùn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ kí n bú àwọn olórin tàkasúfèé, kí n ṣàdúrà fún àwọn ọmọ, kí n mu omi, kí n sì máa lọ sílé mi. Èmi náà gbà pé orin lè bani jẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwa àgbà ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi ìnáwó kan nílùú yìí. Wọ́n ti ta kánópì, ìrẹsì ti ń lọ láti orí tábìlì kan sí òmíràn, olórin dadakúàdà ti wà nídìí máìkì. Ọkùnrin kan wọlé. Ó kàn fẹ́ kí ọlọ́jọ́, kó fi ẹnu kan oúnjẹ, kó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló ká sápò tó fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn olórin ti rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó béèrè orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti agbo ilé wọn lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó sáré lọ sọ ọ́ sétí ọ̀gá. Ìlù rọlẹ̀. Olórin mú un láti ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ó kì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá, ó kì í dé orí àwọn ọmọ. Onígangan fi ọ̀pá tún orúkọ náà pè. Ẹ wojú ọkùnrin yẹn. Orí rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ ti bú máṣọ, omijé ti ń lé sí i lójú. Ó nawọ́ sẹ́yìn. Obìnrin tó ń ṣẹ́ owó ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdì owó tuntun, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣàdéhùn ni. Kí olórin tó kọjú sí ẹlòmíràn, owó ilé ìwé táàmù kan ti fọ́n sílẹ̀ láàárín agbo, wọ́n ti ń fọwọ́ gbá a sínú àpò ọ̀rá.

Ṣé orin lè mú kí èèyàn ṣe ohun tí kò ní lọ́kàn láti ṣe? Ẹ lọ bi ìyàwó ọkùnrin yẹn.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà mọ́ olórin lórí tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura, ó kéré tán, tàbí kó san ìtanràn 50,000 náírà, tàbí kó gba méjèèjì. Olórin mọ̀, onínàáwó mọ̀, obìnrin tó ń ṣẹ́ owó náà mọ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, oríkì lágbára ju òfin lọ.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Orin ní ọ̀nà tó ń gbà wọ èèyàn lára tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò ní. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Montreal, ní Kánádà, fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tó ń gbọ́ orin tí wọ́n fẹ́ràn jù. Nígbà tí orin bá dé ibi tí orí ẹni ń wú, ọpọlọ ń tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde, èyí tó tún máa ń jáde nígbà tí ebi bá ń pani tí oúnjẹ sì dé. Ó tilẹ̀ ti ń jáde kí orin tó débẹ̀, nígbà tí etí ṣì ń retí rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tó ń gbọ́ orin ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí àlejò tó kanlẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà mọ̀ pé òun ṣí i. Ní 1997, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ń lu orin Faransé lọ́jọ́ kan, wọ́n ń lu ti Jámánì lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí wáìnì. (Ẹ̀yin àáfà, ẹ foríjì mí. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́, n kò gbé ọtí wá.) Lọ́jọ́ orin Faransé, wáìnì Faransé ló tà jù. Lọ́jọ́ orin Jámánì, ti Jámánì borí. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn tó rajà, ọ̀pọ̀ wọn ní orin kọ́ ló mú àwọn ra ohun tí àwọn rà. Nítorí náà, ọmọ tó bá sọ fún yín pé, "Mọ́mì, bíìtì nìkan ni mò ń gbọ́, n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀," kò parọ́. Òun alára kò mọ̀ ni.

Ìwádìí wà lórí orin ìjà náà. Ní 2003, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé èsì àyẹ̀wò márùn-ún jáde, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó lé ní 500 ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó gbọ́ orin tí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn kún inú rẹ̀ ní èrò ìbínú lọ́kàn ju àwọn tó gbọ́ orin tí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń mi orí, ẹ ní sùúrù: àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ní èrò yẹn lè má pẹ́ kó tó lọ. Èrò ni wọ́n sì wọ̀n, wọn kò wọn ẹ̀ṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí rèé. Ìmáàmù al-Ghazali, tó kú ní 1111, kọ odindi apá kan nípa orin gbígbọ́ sínú Ihya, ìwé tí ọ̀pọ̀ àáfà nílùú yìí ti kà. Ó mú ọ̀rọ̀ àgbà kan tó ń jẹ́ Abu Sulayman al-Darani wá níbẹ̀, pé orin kì í fi ohun tí kò sí lọ́kàn síbẹ̀. Ohun tó ti wà níbẹ̀ ló ń rú sókè. Al-Ghazali wá ka ohun tó lè sọ orin di èèwọ̀: ẹni tó ń kọ ọ́, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ipò tí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ wà, àti bí onítọ̀hún bá sọ ọ́ di bárakú. Mo fẹ́ràn èyí nítorí kò dá olórin nìkan lẹ́bi. Ó bi olùgbọ́ náà pé, kí ni ìwọ ti kó sínú kí orin tó dé? Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni orin, kì í dáná, àmọ́ iná tó bá bá nílẹ̀ yóò ràn.

Ó yẹ ká fi èyí wẹ ìbẹ̀rù kan kúrò lára wa. Àwọn fídíò kan ń kiri lórí WhatsApp pé bí a bá yí orin àwọn olórin kan sẹ́yìn, a óò gbọ́ àṣẹ èṣù nínú rẹ̀. Wọ́n ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù rí. Ní 1990, ní ìlú Reno ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Judas Priest, ẹgbẹ́ olórin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn ní 1985, àwọn ẹbí wọn sì ní àṣẹ kan wà lábẹ́ orin tí etí kò gbọ́ àmọ́ tí ọkàn gbọ́. Adájọ́ ní ohùn tó jọ ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kàn ṣèèṣì bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ẹ̀rí tó dájú pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti èèyàn sí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó dá àwọn olórin náà láre. Tiwa ò tilẹ̀ gba ká yí i sẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó máa kọ wá lóminú, gbangba gbàǹgbà ni wọ́n ń kọ ọ́, pẹ̀lú ègbè.

Ẹ wo ti yàhúù. Láti nǹkan bí 2007 ni orin tó ń fi owó òjijì dárà ti gba ìgboro. Ẹnìkan á ní orin ló sọ àwọn ọmọ wa di ọmọ yàhúù. N kò gbà. Kí àwọn orin wọ̀nyẹn tó jáde, àwọn ọmọ ti ń sùn mọ́ káfẹ́ láti alẹ́ dé àárọ̀, wọ́n ti ń fi orúkọ òyìnbó kọ lẹ́tà ìfẹ́. Orin kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń lu jìbìtì. Ohun tó ṣe burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi: ó bọ́ ìtìjú kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà kan, ẹni tó bá fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kówó máa ń fi í pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó wá di ijó, tí ìyá náà ń jó o níbi ìkómọ, tí olórin ń pe ọmọ náà ní ọ̀gá láìbéèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ló tún kù tí ọmọ fẹ́ fi pamọ́?

Bákan náà ni ti oògùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé omi ikọ́ tó ní kodéìnì nínú. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba jọ ṣe ní àsìkò yẹn fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn tí kò yẹ láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù mẹ́rìnlá kò dédé gbọ́ orin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Ìgboro ló kọ́kọ́ ń mu omi ikọ́ yẹn. Olórin gbọ́ orúkọ tí ìgboro sọ ọ́, ó fi sínú ègbè. Ọmọ tí kò mu ún rí wá ń kọ orúkọ náà bí ẹni ń ka a-b-d. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ bá wá nawọ́ rẹ̀ sí i, orúkọ náà kò jẹ́ àjèjì sí i mọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ orin parí sí, ó sì tó iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ inú orin náà wà, tí ẹ̀yin ìyá fẹ́ràn láti máa sọ. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 tẹ̀ lé ọmọ 1,461, láti ọmọ ọdún 12 sí 17, fún ọdún mélòó kan. Àwọn tó ń gbọ́ orin tó ń sọ obìnrin di ohun èlò, tó ń sọ ọkùnrin di ẹran tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ni wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn lò pọ̀. Orin ìfẹ́ tí kò bu ẹnikẹ́ni kù, bó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀, kò ní irú àbájáde yẹn. Ìwádìí yìí kò lè búra pé orin ló fà á. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó ti ń ronú sí i ló ń wá irú orin bẹ́ẹ̀ kiri. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi orin méjèèjì ló jọ mí lójú. Ìfẹ́ inú orin kò ṣe nǹkan fún wọn, àbùkù inú rẹ̀ ni.

Ta ló sì ń kọ́ wọn ní àbùkù ọ̀hún? Mo wà níbi ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì jáde wá jó. DJ gbé orin kan sí i, orin tí a kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ níwájú ìyá ẹni. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ bàtà funfun dé ìdúró, ó yíwọ́ sẹ́yìn, ó ń ju ìdí bí àwọn tó wà nínú fídíò, ojú rẹ̀ le koko bí ẹni ń ṣe ìdánwò, nítorí kò fẹ́ ṣì í jó. Kò mọ ohun tó ń jó. Olùkọ́ rẹ̀ ló ń ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ kan kó lè máa wò ó. Ìyá rẹ̀ dìde, ó lẹ igba náírà mọ́ ọn níwájú orí, gbogbo ilé pariwo. Ọmọ yẹn kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà, ṣé olórin ló kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ìpalára kan wà tí kò gba àríyànjiyàn. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé bílíọ̀nù 1.1 ọ̀dọ́ ló wà nínú ewu àti di adití nítorí orin tí wọ́n ń gbọ́ nínú íápíìsì àti lóde àríyá. Ẹ̀yin tí ẹ ń to gbohùngbohùn mẹ́jọ sójú fèrèsé ilé aláìsàn nítorí ọdún Iléyá, ẹ kú ọdún o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Àwọn bàbá wa ní orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Ibì kan tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ni Rwanda. Simon Bikindi jẹ́ gbajúmọ̀ olórin níbẹ̀, orin rẹ̀ dùn, aráàlú mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tútsì, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ibẹ̀, ní 1994, rédíò kan tí wọ́n ń pè ní RTLM ń lu orin rẹ̀ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha, ní Tanzania. Ní oṣù Kejìlá 2008, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 15. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rán an lọ. Àwọn adájọ́ gbà pé wọ́n fi àwọn orin náà rú ìkórìíra sókè ní 1994, àmọ́ wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé òun ló fi wọ́n sórí rédíò nígbà náà tàbí pé ìpànìyàn ló ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ wọ́n. Gbohùngbohùn tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ ló dá a lẹ́bi. Ní oṣù Kẹfà 1994, ó gun ọkọ̀, ó ń lọ lójú títì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ké sí àwọn aráàlú kí wọ́n pa àwọn Tútsì run.

Mo ti rò ó títí. Àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ, mo sì rò pé wọ́n ṣe é dáadáa, torí bí a bá ń torí orin rán èèyàn lẹ́wọ̀n, kò ní pẹ́ tí alágbára yóò fi máa rán gbogbo ẹni tó fi orin bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde pẹ̀lú àdá lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn ti ń kọ orin náà tẹ́lẹ̀. Orin ti bá wọn pín ayé sí "àwa" àti "àwọn". Gbohùngbohùn kàn wá sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún "àwọn" ni.

A kì í ṣe Rwanda. Àmọ́ a mọ bí orin ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Kwara. Ní 2019, "Ó tó gẹ́ẹ́", igbe ìpolongo ìdìbò, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ; nígbà tó di orin, láti Ọ̀fà dé Pàtígí, ọmọdé tí kò ní káàdì ìdìbò ń kọ ọ́. Ẹ̀yin apá méjèèjì wà níjokòó, n kò dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rántí pé àwọn olóṣèlú mọ agbára orin ju àwọn òbí lọ, wọ́n sì ń sanwó fún un. Olórin tó ń gbowó bú ìdílé ẹlòmíràn lórí ọkọ̀ ìpolongo, tí a ń rẹ́rìn-ín sí, lójú tèmi ó léwu ju ọmọ àdúgbò Tankẹ tó ń fi ègé orin kan mi orí nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà.

Ṣé ká wá máa fòfin de orin? Àjọ NBC ń ṣe é. Láti 1992 ni òfin ti fún wọn lágbára lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì máa ń ní kí wọ́n má lu orin kan. N kò lòdì sí i pé kí rédíò ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń fi náírà díẹ̀ kó orin ọgọ́rùn-ún sínú mẹ́mórì káàdì lábẹ́ agboòrùn kò bá NBC ní àdéhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo ohun tí ìjọba sábà máa ń fòfin dè. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé nítorí "Yorùbá Ronú", eré rẹ̀ tó bá àwọn olóṣèlú wí. Ìgbà tí àwọn ológun dé ní 1966 ni òfin náà tó kúrò. Kì í ṣe nítorí kí ọmọdé má bàjẹ́ ni wọ́n ṣe fòfin dè é.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn èèyàn bi mí ní ìbéèrè, mo sì fẹ́ fi méjì kún un.

Àáfà kan ní, ṣé kò ní rọrùn ká kúkú sọ pé gbogbo orin ló burú, kí ọ̀rọ̀ tán? Mo ní, àáfà, ẹ̀yin náà jí sààrì rí. Wéré ni wọ́n fi ń jí wa, láti inú wéré ni fújì sì ti jáde. Àáfà rẹ́rìn-ín, ó ní ti wéré yàtọ̀. Mo ní ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn: ó yàtọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ́ àti ohun tí wọ́n ń jí wa fún.

Ìyá kan ní òun ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ òun ọkùnrin tó wà ní JSS 3 nítorí orin, kí ni kóun tún ṣe? Mo ní kí ó dá a padà fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ó ní kí ó lu orin tó fẹ́ràn jù fún òun ní pálọ̀, kí ó sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ní, "Tí ojú bá ń tì í láti túmọ̀ ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní kí ó dúpẹ́ pé ojú ṣì ń tì í, kí ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tí ó bá dákẹ́ sí.